Ẹkún Ògúnṣeyè Lórí Ẹní Káàdì

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran? Ẹ̀ ń wò mí. Ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ ṣáà ń pa á kiri. Ó dáa, ẹ fara balẹ̀. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, kó lọ wá tirẹ̀ pa.

Abà Oníṣin ló ti ṣẹlẹ̀. Láyé ìgbà náà, ẹkún ní òfin níbẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì lo gbọ́dọ̀ fi bo ojú. Wọ́n ní ẹni tó bá la ojú sunkún, ẹ̀tàn ló ń ṣe, kò sì sí ẹni tí yóò kí i ní pẹ̀lẹ́. Nítorí náà, bí wọ́n bá ń ṣọ̀fọ̀, ṣe ni wọ́n máa ń forí gbára wọn lẹ́nu ọ̀nà.

Àgbẹ̀ kan wà ńbẹ̀ tó ń jẹ́ Ògúnṣeyè. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ọdún kẹsàn-án tó gbéyàwó ni Ọlọ́run tó fún wọn lọ́mọ, obìnrin. Nígbà tí ìsọmọlórúkọ ku ọ̀la, ìyá ìyàwó rẹ̀ ní kó lọ sọ́jà lọ ra àgbò, obì, orógbó àti oyin wá.

"Má yà síbì kankan o," ni màmá wí.

"Ẹ má mikàn, Màmá. Níbo ni mo fẹ́ yà sí?"

Ó ra gbogbo rẹ̀ pé. Ó ń fa àgbò bọ̀ lọ́sàn-án, apẹ̀rẹ̀ lórí, ló bá kan ìdí máńgòrò tí Bàbá Fátúnmiṣe tẹ́ ẹní sí.

Bàbá yìí ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi rí, ibẹ̀ ló ti kó káàdì wálé. Póókà ló pe ayò náà. Wọ́n á fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní káàdì méjì, ìwọ nìkan lo máa wo tìrẹ. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ṣí mẹ́ta sáàárín ẹní fún gbogbo yín. Bí tìrẹ bá bá ọ̀kan níbẹ̀ mu, orí rẹ dára. Ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ tó bá ń ta. Bó o bá tẹ orí wálẹ̀, o ti fi kún un nìyẹn, ohun tó bá sún mọ́ ọ jù ló máa wọlé sórí ẹrù tí ẹ fi ń ta. Bó o bá fẹ́ sá, wàá da káàdì rẹ dé. Bí gbogbo èèyàn bá sì sá fún ọ, Bàbá á pàtẹ́wọ́ mẹ́ta. Bó o bá fọwọ́ kan ẹrù náà kí ẹ̀kẹta tó dún, ìwọ lo ni ín. Bí o kò bá fọwọ́ kàn án, Bàbá ló ni ín. Ta ló ṣòfin yìí? Bàbá fúnra rẹ̀ ni.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré," ni Ògúnṣeyè wí, ó so àgbò mọ́gi, ó jókòó ti Lákànlé alágbẹ̀dẹ àti Ṣówándé adẹ́mu.

Ó ṣí káàdì rẹ̀ wò: ọba kan, ayaba kan! Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ti tẹ orí wálẹ̀ kí àwọn yòókù tó wo tiwọn. Fìlà rẹ̀ wọlé. Àwọn yòókù náà fi fìlà tiwọn sílẹ̀. Bàbá wá ṣí ti àárín ẹní: méjì, mẹ́rin, méje. Ọba dé, ayaba dé, kò sí ẹni tó dọ̀bálẹ̀ fún wọn.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí ọlọ́gbọ́n ń ṣe níbẹ̀ fún yín. Á ta lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá ẹ̀rù á ba àwọn tó kù. Bí ẹnì kan bá sì tẹ̀ lé e, á rọra dìde, á gbọnra nù, á gbalé lọ. Ògúnṣeyè ṣe apá kìíní dáadáa. Ó tẹ orí, bàtà rẹ̀ wọlé. Lákànlé da káàdì dé. Ṣùgbọ́n Ṣówándé tẹ orí tiẹ̀ náà, ó bọ́ bàtà rẹ̀ kalẹ̀.

Ó yẹ kó dìde. Àmọ́ ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó rí i pé apẹ̀rẹ̀ ló kàn, lẹ́yìn apẹ̀rẹ̀, àgbò. Ó rántí ọdún mẹ́sàn-án. Ó rántí ọmọ tí kò tíì lórúkọ. Àánú ara rẹ̀ ṣe é, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti káàdì bọ abẹ́ orúnkún, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, bí òfin ṣe wí.

Ẹkún gidi kì í sì í dúró lójú kan. Bó ṣe ṣe "hẹ̀ẹ̀n!", bẹ́ẹ̀ ni orí rẹ̀ ń wálẹ̀.

"Ó fi kún un," ni Bàbá Fátúnmiṣe wí. Apẹ̀rẹ̀ wọlé, tobì torógbó toyin. Ṣówándé fi agbè ẹmu rẹ̀ lé e.

"Hẹ̀ẹ̀n!"

"Ó tún fi kún un. Àgbò!"

Ògúnṣeyè gbọ́ "àgbò", ẹkún wá dí i létí pátápátá. Àmọ́ Ṣówándé tún káàdì tirẹ̀ wò. Méje wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun gan-an ló borí. Ṣùgbọ́n ó ń rò ó pé, "Ọkùnrin ń sunkún, ó sì ń ta àgbò ìsọmọlórúkọ! Irú káàdì wo ló wà lábẹ́ orúnkún yẹn? Àbí èmi ló ń ṣàánú?" Síbẹ̀, ó gbé igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ kalẹ̀.

"Hẹ̀ẹ̀n!"

Bàbá wò yíká. "Ó tún fi kún un. Kí ló kù nítòsí rẹ̀ báyìí? Ṣówándé, ìwọ lo sún mọ́ ọn jù. Bọ́ sórí ẹrù."

"Èmi kẹ̀?" Ṣówándé da káàdì dé kíá. "Mo ti sá o! Mo láya nílé!"

Bàbá gbé ọwọ́ sókè. Pá! Ògúnṣeyè ń sunkún lọ. Pá! Ó ṣì ń sun ún. Ìgbà yẹn ni ìyá ìyàwó rẹ̀ yọ, ó ti ń wá a kiri láti ọ̀sán.

"Ògúnṣeyè!"

Ó mọ ohùn náà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ọwọ́ ṣì wà lójú. "Màmá, ẹ darí jì mí. Mo ti ta àgbò ọmọ yín."

"O ti jẹ ẹ́, arákùnrin! Kó ẹrù rẹ!" ni màmá tó mọ òfin ayò náà wí, nígbà tó rí i pé káàdì àwọn yòókù ti dé.

"Ẹkún ni mò ń sun, Màmá."

"Mo rí i pé ẹkún lò ń sun! Ẹni tó bá ń sunkún, ṣé kì í ríran ni?"

Ìka rẹ̀ là díẹ̀. Ó fi ojú kan rí káàdì Lákànlé àti ti Ṣówándé tó dé, ó rí ọwọ́ Bàbá tó ń pàdé bọ̀. Ó fi àyà fò lé gbogbo ẹrù náà, ó gbá àgbò mọ́ra. Pá! Ó ti pẹ́ jù fún Bàbá.

Inú bí Bàbá, ó gbé káàdì Ògúnṣeyè nílẹ̀, ó ṣí i. Ọba òun ayaba, wọn kò bá nǹkan kan mu. Ẹnu Ṣówándé kò padé. Omi dé ojú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì gbéra lọ sójú, wọ́n dé ìdajì ọ̀nà. Ó wá rí i pé Bàbá Fátúnmiṣe ti ń wo bùbá ọrùn rẹ̀, ohun tó sún mọ́ ọn jù báyìí bí orí bá wálẹ̀. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó di bùbá mú gírígírí, ó la ojú méjèèjì rekete, ó sì ń sunkún kíkorò.

Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀ ní Abà Oníṣin, wọn kò sì pè é ní ẹlẹ́tàn. Ògúnṣeyè gan-an ló kọ́kọ́ kí i: "Pẹ̀lẹ́, ọ̀rẹ́ mi. Gba bàtà rẹ. Wá bá wa jẹran lọ́la." Ṣówándé gbà á, ó kà á, méjì ni, ó wọ̀ ọ́, ó ń sunkún lọ sílé, kò sì kọsẹ̀ rárá. Ẹ wá rí i báyìí pé àwọn àgbà kò parọ́: bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran.