Láníyọnu Ṣí Páàlí Káàdì

Ní àárọ̀ Sátidé kan ní Adéwọlé, ní Ìlọrin, Láníyọnu gbé páàlí kan sórí tábìlì. Ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun tó fi ń yan ní Bọ́ìsì Brìgéèdì nígbà èwe rẹ̀, èyí tí kò dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ó ní kí Martha ìyàwó òun wá jókòó, ṣùgbọ́n kó má mí sí páàlí náà.

Láti ìgbà tí Láníyọnu ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ló ti ń kó ohun àtijọ́ jọ. Sítáǹbù, kọ́bọ̀ tó níhò láàárín, ìdérí ìgò, kọ́kọ́rọ́ tí kò ní àgádágodo: wọ́n ti kún yàrá ẹ̀gbẹ́ dé àjà. Martha sì rèé, télọ̀ ni. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń jókòó rán aṣọ. Bí òjò bá ń rọ̀, á gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wọ ilé ìdáná.

Ọwọ́ òyìnbó olùkọ́ kan tó ń padà sí Amẹ́ríkà ni Láníyọnu ti rí páàlí náà gbà. Káàdì alàwòrán ilẹ̀ wọn ló kún inú rẹ̀, nínú ìdì tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí. Olúṣọlá ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀hún dé, sọ fún un pé àwọn olówó ibẹ̀ ń jà du irú káàdì bẹ́ẹ̀ bó bá ti pẹ́, bó bá sì rí bó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é. Ó ní òun á wá wò ó lọ́la, lẹ́yìn ìsìn. Ni tọkọtaya bá ṣe àdéhùn. Bí ohun gidi bá wà nínú páàlí, Láníyọnu á kọ́ ṣọ́ọ̀bù fún Martha níwájú ilé. Bí kò bá sí, gbogbo ẹrù rẹ̀ á jáde, yàrá á di ti Martha. Láníyọnu ti fi Bíbélì búra.

Ó fi abẹ ya ìdì kìíní. Káàdì yọ, pẹ̀lú nǹkan pélébé kan tó pupa rẹ́súrẹ́sú.

"Kí nìyẹn?"

"Ṣingọ́ọ̀mù ni. Ó dàgbà ju Tẹniọlá ọmọ wa lọ."

"Ẹ jẹ́ n tọ́ ọ wò."

"Martha, ìtàn nìyẹn."

Martha ti jù ú sẹ́nu. Ó fọ́ wẹ́wẹ́ bí àwo. Martha tu ìtàn sí àtẹ́lẹwọ́.

Láníyọnu gbé káàdì sókè. Ọkùnrin kan dúró nínú rẹ̀, ó gbé igi lé èjìká.

"Ọlọ́dẹ ni?"

"Agbábọ́ọ̀lù ni."

"Pẹ̀lú kùmọ̀? Ta ló ṣẹ̀ ẹ́?"

Láníyọnu fa ojú ro. Ó ṣàlàyé pé bọ́ọ̀lù tiwọn kò jọ tiwa, igi ni wọ́n fi ń gbá a. Ẹni tó bá ti gbá a á ju igi sílẹ̀, á sì sáré.

"Ó fọ́ fèrèsé wọn ni?"

"Kò fọ́ nǹkan kan. Òfin eré ni kó sáré."

"Sáré lọ síbo?"

"Á sáré yí pápá ká, á padà síbi tó ti gbéra. Bó bá débẹ̀, wọ́n á ní ó ti délé."

Martha rò ó. "Ẹni tó ti ilé jáde, tó tún padà sílé, tí kò gbé nǹkan kan bọ̀. Wọ́n sì ń sanwó fún un?"

"Owó ńlá."

"Iṣẹ́ ìjọba tí ẹ ṣe gan-an nìyẹn."

Láníyọnu ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó mú òmíràn. Ẹni yìí wọ ìbọ̀wọ́ awọ ràgàjì kan sí ọwọ́ òsì. Láníyọnu ní ìbọ̀wọ́ náà ló fi ń hán bọ́ọ̀lù. Martha béèrè ohun tó ṣe ọwọ́ ọ̀tún. Láníyọnu kò mọ̀, nítorí náà ó ní ọwọ́ ọ̀tún ń sinmi.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ojú òyìnbó ti kún orí tábìlì. Láníyọnu tún ya ìdì kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin dúdú kan ń rẹ́rìn-ín sí i, fìlà rẹ̀ gẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí Olúṣọlá ṣe júwe rẹ̀ fún un gẹ́lẹ́ nìyẹn, tó ní bí ó bá rí ẹni yìí, Ọlọ́run ti rántí rẹ̀.

"Òun nìyí," ni Láníyọnu wí.

"Ó jọ Dàpọ̀ àbúrò yín."

"Fa ọwọ́ rẹ sẹ́yìn." Ó wá bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. Ó ka eruku, ó ka epo, ó ka omi òjò. "Ikán ló jẹ ìwé ilẹ̀ bàbá mi ní Ọ̀mù-Àrán, tí ilẹ̀ fi bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ìwé tó bá níyì, bí o kò bá dáàbò bò ó, o ti sọ ọ́ nù. Ṣó yé ọ?"

Martha ní ó yé òun.

Láníyọnu fi apẹ̀rẹ̀ bo àwọn káàdì. Ó jẹ iyán, ó sùn.

Nígbà tó jí, apẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan lábẹ́ rẹ̀. Martha ń ti ìta bọ̀, òógùn bò ó. Ó gbé ohun kan tó ń dán síwájú ọkọ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ń rẹ́rìn-ín láti inú ọ̀rá líle, wọ́n ti fi sísọ́ọ̀sì gé igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ó má baà gún èèyàn lọ́wọ́.

"Martha, kí lo ṣe?"

"Mo lọ lámínéètì rẹ̀ ní Pósófíìsì. Ọkùnrin náà ní omi ò lè wọ̀ ọ́ títí ayé."

"Ta ló rán ọ?"

"Ẹ̀yin ni. Ìwé ìgbéyàwó wa, ẹ lámínéètì rẹ̀. Sabúkéètì Tẹniọlá, ẹ lámínéètì rẹ̀. Rìsíìtì fíríìjì ńkọ́? Fíríìjì ti kú, rìsíìtì rẹ̀ ṣì ń dán."

Láníyọnu rọra sọ fún un pé bí káàdì ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é ni Olúṣọlá fẹ́ bá a. Martha ní ìyẹn kò sí nínú ìwàásù.

Láníyọnu mú abẹ, ó ń ṣí ọ̀rá náà láti ẹ̀gbẹ́. Ọ̀rá ṣí. Fìlà àti ẹ̀rín bá ọ̀rá lọ, ọrùn àti igi ló kù.

Martha dìde. Ó fa téèpù ọrùn rẹ̀, ó lọ wọn ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀gbẹ́.

"Dúró ná," ni Láníyọnu wí. "Ẹyọ kan ló bàjẹ́. Orí páàlí ni mo búra lé, n ò búra lé orí ẹyọ kan. Olúṣọlá lè rí ohun gidi mìíràn nínú ìyókù. Níbo lo kó wọn sí?"

"Wọ́n wà lọ́dọ̀ alámínéètì."

Láníyọnu jókòó. "Gbogbo wọn?"

"Ṣé mo lè dáàbò bo ọ̀kan kí n fi ìyókù fún ikán? Ẹyọ yìí ló ṣe tán tí wọ́n fi mú iná lọ. Ó ti to ìyókù síwájú ẹ̀rọ. Ó ní bí iná bá ti dé, òun á ṣe gbogbo wọn pọ̀."

Láníyọnu wo fáànù àjà. Fáànù dúró jẹ́ẹ́. Láti ọjọ́ tó ti ń gbé Ìlọrin, kò dúpẹ́ nítorí àìsí iná rí, àmọ́ ó dúpẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó ní kí Martha bá òun wá bàtà, òun á wọ takisí dé Pósófíìsì kí ọkùnrin yẹn tó fọwọ́ kàn wọ́n. Ó ti ki ẹsẹ̀ kan bọ bàtà.

Fáànù dún kẹẹ. Ó yí lẹ́ẹ̀kan, ó tún yí. Àwọn ọmọdé àdúgbò hó pé iná ti dé.

Martha gbójú sókè wò ó, ó ká téèpù rẹ̀.

"Ẹ bọ́ bàtà yín, Bàbá Tẹniọlá. Ó ti ń ṣe wọ́n."