Ọjọ́ Tí Àwọn Ọdẹ Gbà Mí Síṣẹ́ Ariwo

Ọjọ́ kan wà tí mo lè dàgbà dàgbà kí n gbàgbé orúkọ ara mi, n kò ní gbàgbé rẹ̀. Inú rẹ̀ ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu mi ná, nítorí pé àwọn tí kò sí níbẹ̀ ló ń sọ ìtàn náà kiri Ìsẹ́yìn jù.

Ìgbà tí owó epo rọ̀bì dé ìgboro ni. Gbogbo dẹ́rẹ́bà tó bá mọ iyì ara rẹ̀ ló ń ra rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì sínú ọkọ̀. Èmi ń wa lọ́rì búrẹ́dì fún Àlàájà kan ní Ìsẹ́yìn. Àlàájà ló ni ilé búrẹ́dì, òun ló ni lọ́rì, òun náà ló sì ni ẹnu tí gbogbo wa ń bẹ̀rù. Ọjọ́ ọjà Kòmu ni iṣẹ́ mi máa ń le jù, torí pé ọkọ̀ búrẹ́dì mìíràn ń wá láti Ṣakí. Èyí tó bá kọ́kọ́ dé ló ń tà, èyí tó bá pẹ́ á gbé búrẹ́dì rẹ̀ padà sílé. Ọkọ̀ Ṣakí ti ṣíwájú mi lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn ìkejì, Àlàájà pè mí, ó ní, "Dẹ́rẹ́bà, bí wọ́n bá tún ṣíwájú rẹ dé Kòmu, má wulẹ̀ ṣàlàyé fún mi. Kó kọ́kọ́rọ́ mi sílẹ̀, kó o máa lọ sóko bàbá rẹ."

Ìyàwó mi wà nínú oyún nígbà náà. N kò fẹ́ lọ sóko bàbá mi rárá.

Ṣùgbọ́n mo ti ra rédíò tèmi. Mo sì ti ní kí riwáyà bá mi so sípíkà ńlá kan mọ́ òkè ọkọ̀, irú èyí tí àwọn olóògùn fi ń polówó. Ẹ má bi mí pé kí ni sípíkà ń wá lórí ọkọ̀ nígbà tó jẹ́ pé inú ọkọ̀ ni etí mi wà. Ọ̀dọ́ ni mí nígbà yẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, mo tètè gbéra. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, koríko ti gbẹ, ọyẹ́ ń fẹ́. Mo ki kásẹ́ẹ̀tì àpàlà kan bọ ẹnu ẹ̀rọ, mo yí ohùn rẹ̀ sókè, mo sì forí lé ọ̀nà. Bí mo ṣe kọjá Ìpàpó, mo rí bàbá àgbàlagbà kan létí títì tó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, tó ń tẹ̀ wọ́n sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó sì ń mi orí. Mo ní, bàbá yìí mọ orin o! Mo fọn fèrè kí i. Nígbà tí mo sún síwájú díẹ̀, obìnrin kan ju igi tó rù sílẹ̀, ó ń fò sókè, ó ń ju ọwọ́ sọ́tùn-ún sósì. Mo ní ijó tèyí tún ju ti bàbá lọ. Nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe tún yí orin náà sókè sí i. Ṣé ẹ rí i pé ènìyàn rere ni mí?

Ohun tí wọ́n ń wí tí n kò gbọ́ ni pé àwọn ọdẹ ń sun ìgbẹ́ níwájú. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, àwọn ọdẹ wa a máa para pọ̀. Wọn a ti iná bọ koríko láti apá kan, wọn a ta àwọ̀n sí apá kejì, wọn a sì lúgọ síbẹ̀ láìmí, kí ẹran tó ń sá fún iná lè wá kó sí i. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ń kọjá lójú títì á rọra kọjá. Ẹni tí ikọ́ ń ṣe gan-an á fọwọ́ bo ẹnu. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, mo mọ àṣà náà dáadáa. Ta ló wá fẹ́ sọ fún mi pé òní ni, tí ohùn rẹ̀ máa ju ti sípíkà mi lọ?

Ibi tí wọ́n ta àwọ̀n sí gan-an, ibẹ̀ ni ọkọ̀ yàn láti gbóná. Mo dúró, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo gbé kẹ́ẹ̀gì omi. Mo fi orin sílẹ̀ kó máa bá mi ṣeré. Mo rí èéfín lápá òkè, mo ní àwọn àgbẹ̀ ni. Mò ń da omi sí rádíétọ̀, mò ń mi ìdí díẹ̀díẹ̀, àfi bí ọ̀yà kan ṣe gba àárín ẹsẹ̀ mi kọjá. Kí n tó lanu, ẹyẹ awó ti ń fò lórí mi, ehoro ń sá lọ́tùn-ún lósì. Àgbọ̀nrín kan yọrí nínú koríko, ó wo sípíkà mi, ó yí padà, ó gba ẹ̀gbẹ́ lọ, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Mo rò pé ayé fẹ́ parẹ́ ni.

Ni koríko bá dìde. Àṣé ènìyàn ni! Àwọn ọkùnrin tó gbé ìbọn, tó mú kùmọ̀, tàwọn tajá wọn, gbogbo wọn ń wò mí. Kò sẹ́ni tó pariwo nínú wọn, ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí. Bàbá arúgbó kan tó jẹ́ Olúọ́dẹ wọn nawọ́ sí sípíkà, mo sì sáré lọ pa orin.

"Ọmọ ta ni ọ́?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, búrẹ́dì ni mo gbé..."

"Mi ò bi ọ́ ní ẹrù. Ọmọ ta ni ọ́?"

Mo sọ fún un. Ó mirí. "Mo mọ bàbá rẹ. Kì í ṣe aláriwo."

Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú. Mo ní, "Bàbá, ọ̀nà ìjọba ni mo wà o! Mi ò wọ oko ẹnikẹ́ni."

"Ìjọba ló ni ọ̀nà. Ẹran tó o lé lọ ńkọ́, ìjọba ló ni wọ́n? Láti ìdájí la ti dùbúlẹ̀ síbí tí èèrà ń jẹ wá."

Ọdẹ kan ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó fi ibi tí èèrà ti jẹ ẹ́ hàn mí. N kò bi í.

Olúọ́dẹ ṣàlàyé pé ẹran ti kó wọ igbó etí odò, atẹ́gùn sì ti yí padà, wọn ò lè ti iná bọ̀ ọ́ mọ́. Wọ́n á gbé àwọ̀n lọ sí òdìkejì igbó náà. "Ìwọ tó o lé wọn wọlé, ìwọ lo máa lé wọn jáde. Gbé ariwo rẹ gba ọ̀nà oko yẹn." Mo ní n kò lọ. Mo ní ọjà ń dúró dè mí, mo ní Àlàájà máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Bàbá kò bá mi jiyàn. Ó kàn lọ jókòó sáàárín títì níwájú lọ́rì mi. Gbogbo àwọn ọdẹ jókòó tì í. Àwọn ajá náà jókòó. Ẹnì kan yọ orógbó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín in jẹ. Ẹ sọ fún mi, kí lẹ̀ bá ṣe? Ṣé kí n gbé lọ́rì gba orí Olúọ́dẹ kọjá ni?

Mo gba ọ̀nà oko. Ọkùnrin pẹ́ńpẹ́ kan lára wọn jókòó tì mí láti fọ̀nà hàn mí. Orin ń dún, ẹ̀ka igi ń na ọkọ̀, èéfín ìgbẹ́ tí wọ́n sun sì ń gba abẹ́ tapólì wọ inú búrẹ́dì Àlàájà. Nígbà tí a dé àárín igbó, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ kásẹ́ẹ̀tì. Orin fà gùn bí igbe ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù, ó sì dákẹ́.

Ọkùnrin pẹ́ńpẹ́ ní, "Má dúró. Fẹnu kọ ọ́."

"Kí n fẹnu kọ kí ni?"

"Orin náà! Ẹran ti ń sún síwájú, ṣé o fẹ́ kí wọ́n padà ni?"

Báyìí ni èmi dẹ́rẹ́bà tó ní láísẹ́ǹsì ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì, tí mo mú páànù búrẹ́dì kan, tí mò ń fi igi lù ú, tí mò ń ké àpàlà láàárín ẹ̀gún. Ìbínú ni mo fi kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Láìpẹ́, ìbọn dún lódìkejì, ariwo ayọ̀ sì sọ. Àwọ̀n ti kún.

Mo bá wọn níbẹ̀, òógùn bò mí, mò ń retí ọpẹ́. Ọkùnrin pẹ́ńpẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀rọ náà ò tó nǹkan o. Nígbà tí ẹ̀rọ ń kọ ọ́, ẹran kàn ń rìn ni. Ìgbà tóun fúnra rẹ̀ gbẹ́nu sí i ni wọ́n tó sáré!" Àwọn tí kò mí láti ìdájí bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n ń di inú mú, wọ́n ń fara ti ara wọn. Wọ́n gé itan àgbọ̀nrín kan fún mi. Wọ́n bá mi ti lọ́rì, torí bátìrì ti kú. Wọ́n ní kí n bá àwọn kí ará ilé.

Nígbà tí mo dé Kòmu, ọjà ti ń tú, àwọn ọmọdé ń jẹ búrẹ́dì Ṣakí káàkiri. Ìyá tó máa ń rajà lọ́wọ́ mi gbé búrẹ́dì kan simú, ó ní, "Dẹ́rẹ́bà, ṣé orí ààrò lo gbé èyí gbà ni?" Kò rà á. Mo gbé gbogbo rẹ̀ padà sí Ìsẹ́yìn.

Àlàájà jókòó síwájú ilé búrẹ́dì, ó ń retí mi. Mo ro gbogbo ẹjọ́ mi, kò dá mi lẹ́kun. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Kọ orin náà."

"Àlàájà?"

"Èyí tí ẹran sá fún. Kọ ọ́ kí n gbọ́."

Mo kọ ọ́. Kí n tó lọ jìnnà, Àlàájà ti ń rẹ́rìn-ín débi pé ìborùn rẹ̀ jábọ́. Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe nìyẹn. Ó nu omijé ojú rẹ̀, ó sì nawọ́ sí mi. "Kọ́kọ́rọ́ mi."

Mo kó o lé e lọ́wọ́. Ó fún mi ní búrẹ́dì méjì, ó ní kí n fi jẹ ẹran mi.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ẹni tó bá fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ òun, kó fi etí kan sílẹ̀ láti gbọ́ ayé náà. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ìjọba ni mo wà lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó máa yí mi lérò padà lórí ìyẹn.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó tẹ̀ lé e, mò ń kọ ebè lóko bàbá mi ni mo rí ọkùnrin pẹ́ńpẹ́ yẹn tó gun kẹ̀kẹ́ bọ̀. Ó ní Olúọ́dẹ kí mi o. Ó ní wọ́n fẹ́ sun ìgbẹ́ lọ́túnla, wọ́n sì ń fẹ́ mi níbẹ̀. "Bàbá ní kó o má wulẹ̀ gbé ẹ̀rọ kankan wá. Ẹnu rẹ nìkan ti tó."

Inú bí mi débi pé mo sọ ọkọ́ mọ́lẹ̀. Mo bú u, mo bú Olúọ́dẹ, mo bú ajá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin náà kàn dúró ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń gbọ́ mi. Nígbà tí èébú tán lẹ́nu mi, ẹ̀rín ara mi ló kù tó ń pa mí. Mo wá bi í pé aago mélòó ni wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀.