Ogún Kọ̀ǹpútà Tí Alájì Muqtadir Fi Ta Wá Lọ́rẹ

Ẹ kọ́kọ́ bá mi kí Alájì Muqtadir dáadáa, torí ẹni tí kò bá kí i pé, kì í dáhùn. Kì í ṣe Alájì lásán o. Ìnjìníà Àgbà ni. Baba Kọ̀ǹpútà láti Mówè dé Ifọ̀. Ọpọlọ-tó-ju-Orí-lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ ní gbogbo orúkọ yìí, òun náà ló sì san owó tí wọ́n fi tẹ̀ wọ́n sára káàdì.

Iṣẹ́ tí a mọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ ni pé ó ń ta okùn ṣájà àti gíláàsì ojú fóònù ní Ìbàfo. Ṣùgbọ́n ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ" ni kẹ́ ẹ pè é.

Awò ojú tó ń lò, férémù lásán ni, kò sí gíláàsì nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tó ń bá wa sọ̀rọ̀, eṣinṣin gba ojú awò náà wọlé, ó bà sórí ìpéǹpéjú rẹ̀, ó sì tún gba ibẹ̀ jáde. Alájì ò tiẹ̀ dánu dúró.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Ní Lotto níbí, ní Mówè, àdúgbò wa ní gbọ̀ngàn kan. Yàrá iwájú gbọ̀ngàn yẹn ni Lateefah, ọmọ Mùsáfírù bíríkìlà, ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà. Àlòkù méjì péré ló ní, ọmọ mẹ́tàdínlógún ló sì ń tò sí i. Tí yàrá yẹn bá fi bọ́ lọ́wọ́ ọmọ yìí, ó parí nìyẹn, torí yàrá kan ṣoṣo ni gbogbo ìdílé wọn ń gbé, òrùlé ibẹ̀ sì ń jò.

Ojú títì márosẹ̀ ni yàrá náà kọ sí. Ó ti tó ọdún kan tí Alájì ti ń wò ó bí ẹní ń wo ẹran díndín. Ṣọ́ọ̀bù ló fẹ́ fi ṣe.

Ni Alàgbà Àbáyọ̀mí, alága ẹgbẹ́ onílé, bá kéde nínú ìpàdé pé ẹni tó bá lè fún àdúgbò ní ogún kọ̀ǹpútà, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lè rí tirẹ̀ jókòó sídìí rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn, wọn yóò kọ orúkọ rẹ̀ sára gbọ̀ngàn, wọn yóò sì fa kọ́kọ́rọ́ yàrá iwájú lé e lọ́wọ́. Lateefah pàápàá pàtẹ́wọ́. Ó ní tí àwọn ọmọ bá ṣáà ti rí i lò, kò burú.

Alájì ò pàtẹ́wọ́ ní tirẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó yọ́ kẹ́lẹ́ lọ bá Lateefah.

"Ọmọ mi dáadáa, mo gbọ́ pé èèyàn lè fi kọ̀ǹpútà kan ṣe púpọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Linux, ètò kan tó ń darí kọ̀ǹpútà, ni mo fi ń ṣe é. Nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní KVM, òun ló ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kan gbé àwọn mìíràn sínú."

"Èló ni wọ́n ń tà á?"

"Ọ̀fẹ́ ni, sà. Àwọn tó ṣe é gbé gbogbo iṣẹ́ inú rẹ̀ síta gbangba, kí ẹni tó bá fẹ́ wò ó tàbí tún un ṣe lè ṣe bẹ́ẹ̀. Tẹ́lẹ̀, èèyàn á máa tẹ ọ̀rọ̀ gbọọrọ sójú kọ̀ǹpútà tó dúdú ni. Àwọn tuntun tó ń jáde báyìí, ẹ kàn máa tẹ bọ́tìnì ni."

Bí Alájì ṣe gbọ́ "ọ̀fẹ́", ó jókòó. Ó bọ́ fìlà.

"Ogún ńkọ́? Ṣé ó lè gba ogún?"

"Ó sinmi lórí agbára ẹ̀rọ náà, sà. Ẹ wò ó bí ilé oníyàrá ogún. Ayálégbé kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀kùn tirẹ̀, kò sì mọ ohun tí ẹnì kejì ń sè. Àmọ́ kànga kan náà ni gbogbo wọn ń fà. Tí wọ́n bá ti pọ̀ jù, omi á gbẹ."

Ẹ mọ ohun tí Alájì gbọ́ nínú gbogbo àlàyé yìí? Ogún. Ogún nìkan. Ó ránṣẹ́ sí Alàgbà Àbáyọ̀mí pé òun ti rí ogún kọ̀ǹpútà.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, a ta tàmpólì, a to àga. Ààfáà wà níbẹ̀, pásítọ̀ wà níbẹ̀. Alàgbà Àbáyọ̀mí ti gba kọ́kọ́rọ́ yàrá iwájú lọ́wọ́ Lateefah. Mọ́tò akẹ́rù ńlá kan dé, irú èyí tó máa ń kó màlúù. Alábàárù mẹ́jọ ló bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Páálí kan ṣoṣo ni wọ́n gbé. Páálí náà ò gba ọwọ́ gbogbo wọn, ni àwọn mẹ́ta bá kàn ń fi ìka tọ́ ọ bí ẹni ń wò bóyá ó gbóná.

Àwa ṣì ń wo ẹ̀yìn mọ́tò, à ń retí ìyókù. Mọ́tò bá yí padà, ó lọ.

"Alájì," ni Alàgbà Àbáyọ̀mí wí, "ogún lẹ pè é."

"Ogún náà ni."

"A rí ọ̀kan."

"Inú ni ìyókù wà."

Ìyá Ayọ̀níkẹ́, olórí àwọn obìnrin wa, tó ní ẹ̀rọ tó ń bó ìrẹsì ní Ọ̀fàdà, yọjú wo inú páálí. "Inú ibo? Èmi, tí mo bá ní àpò ogún, àpò ogún ni mo máa ń gbé jáde o."

"Ìyá, ti ìrẹsì kọ́ là ń sọ."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ní àdúgbò wa, ẹnikẹ́ni kì í ta ilé Ọlọ́run tàbí gbọ̀ngàn lọ́rẹ kó má kọ orúkọ sí i. Àga ní orúkọ, fáànù ní orúkọ, bùúta tí a fi ń ṣe àlùwàlá pàápàá ní orúkọ olówó tó rà á. Alájì ti mú Mùízz tó ń kọ pátákó dání, pẹ̀lú ọ̀dà pupa.

"Kọ orúkọ mi sára ogún kọ̀ǹpútà."

Mùízz yí ẹ̀rọ náà po. "Alájì, ọ̀kan ni mo rí o. Ṣé kí n wọ inú rẹ̀ lọ kọ ìyókù ni?"

"Kọ gbogbo rẹ̀ síta! Ogún ni, ogún ló gbọ́dọ̀ jẹ́!"

Mùízz ò bá èèyàn jiyàn, iye orúkọ ló fi ń gbowó. ALÁJÌ MUQTADIR KÌÍNÍ. ALÁJÌ MUQTADIR KEJÌ. Nígbà tó dé orí ìkẹrìnlá, ara ẹ̀rọ ti kún. Ó ní kí wọ́n bá òun dà á dé, ó kọ ìyókù sábẹ́.

Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, Lateefah so ẹ̀rọ náà pọ̀ mọ́ ojú kọ̀ǹpútà kan àti kíbọọ̀dù kan. Ogún àpótí kéékèèké tí Alájì ti tẹ bọ́tìnì ṣe sínú rẹ̀ hàn lójú rẹ̀ lóòótọ́.

"Lateefah, sọ fún wọn. Ògidì àbí ayédèrú?"

"Ògidì ni, sà. Ogún ni wọ́n. Àmọ́ ẹ̀rọ yìí kéré sí wọn."

"Tan gbogbo wọn!"

Ó tan gbogbo wọn. Ẹ̀rọ náà ń hó bí omi ẹ̀bà. Ọfà kékeré tó máa ń rìn lójú kọ̀ǹpútà gbéra láti apá òsì. Ààfáà ṣàdúrà, ó parí. Pásítọ̀ ṣe tirẹ̀, ó gùn díẹ̀. Ọfà ò tíì dé àárín.

Alàgbà Àbáyọ̀mí bi í pé, "Lateefah, ọmọ mélòó ló lè jókòó sídìí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà?"

"Ọ̀kan, sà. Wọ́n kúkú lè pọ̀ tí a bá rí ojú àti kíbọọ̀dù mìíràn so mọ́ ọn, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó lágbára ju èyí lọ."

Ni Alájì bá já gbohùngbohùn gbà. Ó fẹ́ràn gbohùngbohùn ju oúnjẹ lọ.

"Ẹ̀yin tí ẹ ò kàwé lẹ̀ ń bi irú ìbéèrè yìí! Ayé ti lọ! Ohun tó bá ti wà nínú kọ̀ǹpútà, ó ti wà nìyẹn, kò dìgbà tí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá ní kò sí, òpè ni! Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ mi wá."

Lateefah wo ilẹ̀kùn yàrá náà, ó wolẹ̀. Àwọn ọmọ mẹ́tàdínlógún náà rọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ìyá Ayọ̀níkẹ́ dìde. Ó kúnlẹ̀ níwájú Alájì bí ẹni ń kí ọkọ.

"Alájì wa, ẹ má bínú. Àìmọ̀kan ló ń dà wá láàmú. A ti gbà. Lateefah, ṣé o lè ya yàrá kan sínú ẹ̀rọ yìí?"

"Yàrá, mà?"

"Yàrá iwájú. Kó ní ilẹ̀kùn."

Ojú Lateefah là. Ó pa mọ́kàndínlógún nínú wọn kí ọfà lè rìn, ó ya igun mẹ́rin, ó ya ilẹ̀kùn.

"Fi fèrèsé sí i," ni Ìyá Ayọ̀níkẹ́ wí. "Alájì fẹ́ràn atẹ́gùn."

Ó fi fèrèsé sí i, ó kọ orúkọ Alájì sókè rẹ̀.

"Yàrá yín rèé, Alájì," ni Ìyá Ayọ̀níkẹ́ wí. "Ojú títì ló kọ sí. Ẹ kú oríire o!"

"Kí lèyí?"

"Ó ti wà nìyẹn, sà," ni Lateefah dáhùn. "Inú ló wà."

"Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́! Ibi tí èèyàn ò lè wọ̀, tí ò lè jókòó sí, ṣé yàrá nìyẹn?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ, Alájì," ni Alàgbà Àbáyọ̀mí wí jẹ́jẹ́, "kí akọ̀wé ẹgbẹ́ lè rí i kọ. Ẹ gba gbohùngbohùn."

Ẹlòmíì ì bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n gbohùngbohùn ni wọ́n nà sí i o! Ó gbà á. Ó tún fìlà ṣe.

"Mo ní, ohun tí èèyàn kò bá lè jókòó sídìí rẹ̀, kò sí! Irọ́ ni! Ẹni tó bá fi ta èèyàn lọ́rẹ, olè ni!"

Ohùn rẹ̀ dé òdìkejì títì. Àwọn ọlọ́kadà tó wà níbẹ̀ hó yèè. Ìgbà tí òun náà wá gbọ́ ohun tó sọ, ó sáré fọwọ́ bo gbohùngbohùn, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́.

Akọ̀wé ti kọ ọ́. Ó tiẹ̀ fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Alájì já ẹ̀rọ náà kúrò lára iná. Ó wo ẹ̀yìn, àwọn alábàárù ti lọ jẹun. Ni ó bá gbá a mọ́ àyà fúnra rẹ̀, ó fi agbádá funfun dì í mú gírígírí, ó forí lé títì. Nígbà tó fi máa gbé e sórí ọ̀kadà, ọ̀dà pupa tí kò tíì gbẹ ti tẹ orúkọ rẹ̀ sí àyà àti ikùn agbádá náà, KÌÍNÍ títí dé ÌKẸRÌNLÁ, gbogbo rẹ̀ yí padà bí ìwé tí a wò nínú dígí.

Ọmọ kékeré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà ń gbìyànjú láti kà á. "Àǹtí Lateefah, kí ló dé tí bàbá yẹn kọ orúkọ wọn láti ẹ̀yìn wá síwájú?"

Kọ́kọ́rọ́ tí Alàgbà Àbáyọ̀mí ṣẹ̀ṣẹ̀ dá padà fún un ni Lateefah ń fi sílẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn ṣí, òun náà yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ó yá, ẹ wọlé," ló wí. "Ẹ wá jókòó."