Ojú Lásárù Nínú Kọ̀ǹpútà

Ẹ wá wo Lásárù ti àdúgbò Ladi-Lak, Arẹwà-má-lè-dúró-níbi-tí-ò-sí-dígí. Bó bá rí mọ́tò tí wọ́n páàkì, á dúró wo ojú ara ẹ̀ nínú gíláàsì, á sì kí i: "Ẹ kú iṣẹ́, sà."

Nígbà tí sójà ní àwọn fẹ́ gbéjọba sílẹ̀, òun náà ní kánsẹ́lọ̀ lòun máa ṣe. Ó ti ṣètò ariwo tí wọ́n á máa pa fún un: "Lásárù, jáde wá!"

Ó kó àwọn èèyàn ẹ̀ rẹpẹtẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Munirat ní òpópónà Bajulaiye, kí wọ́n wá wo bí Munirat ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ya pósítà òun. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí Munirat ní nìyẹn. Òun ló fi ń jẹun.

"Munirat, kí ló dé tójú mi ń gbọ̀n nínú nǹkan yìí?"

"Mọ́nítọ̀, ojú kọ̀ǹpútà yìí, ló ń ṣẹ́jú, bàbá. Ọgọ́ta ìgbà ló ń tún àwòrán yín yà ní sẹ́kọ́ǹdù kan. Ẹ jẹ́ n sún un sókè díẹ̀."

Ó sún un dé márùndínlọ́gọ́rin. Ojú Lásárù dúró jẹ́ẹ́.

"Ibi tágbára ẹ̀ mọ nìyẹn," Munirat wí.

Ẹnì kan bá ní márùndínláàdọ́rùn-ún ni ti Adébọ̀dé, tí wọ́n jọ ń du ipò, ní ṣọ́ọ̀bù kejì.

"Kójú Adébọ̀dé wà lókè ojú mi? Gbé tèmi dé ọgọ́fà!"

"Ó máa jó, bàbá."

"Ṣé ojú mi ló máa ń jó nǹkan ni?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, èmi ò sọ ọ́ o."

Lásárù já máòsì gbà, ó tẹ ọgọ́fà. Mọ́nítọ̀ ṣókùnkùn.

"Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan!" Munirat pariwo. "Kọ̀ǹpútà ń bi yín nínú òkùnkùn yẹn bóyá kó wà bẹ́ẹ̀ ni. Tá ò bá dá a lóhùn, á padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ fúnra ẹ̀."

"Kí wọ́n bi èmi Lásárù léèrè, kí n dákẹ́? Láéláé!"

Ó tẹ bọ́tìnì bẹ́ẹ̀ ni.

Mọ́nítọ̀ súfèé, ó dún pọ̀ọ́, èéfín jáde. Gbogbo wọn ń wo dúdú. Ọkùnrin kan lẹ́yìn wá rántí iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ pè é, ó lahùn:

"Lásárù, jáde wá!"

Gbogbo wọn gbè é. Lásárù ò jáde nínú mọ́nítọ̀. Àwọn ará títì gbọ́, wọ́n ya wọlé, àwọn náà ń pè é. Kí wọ́n tó mọ̀, Arẹwà ti sá sínú ṣáláńgá ẹ̀yìnkùlé, ó ti tilẹ̀kùn mọ́rí.

"Lásárù, jáde wá!"

Munirat lọ kan ilẹ̀kùn.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ kan péré ni mo fẹ́ bi yín. Mọ́nítọ̀ mi ńkọ́?"

Lásárù dákẹ́.