Lẹ́tà Agádágodo Lára Ògiri

Agádágodo ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pe alábòójútó ọ́fíìsì wọn, kì í ṣe níṣojú rẹ̀ o. Bí ẹnikẹ́ni bá ti yọjú sí yàrá rẹ̀, ìka rẹ̀ méjì á balẹ̀ sórí bọ́tìnnì, wàrà, ojú kọ̀ǹpútà á dúdú kirikiri. Baba Àṣírí, oníka-bíi-mànàmáná, ọ̀gá tí kò gbẹ́kẹ̀ lé òjìji ara rẹ̀!

“Ohun tó wà níbí ju orí yín lọ,” ló máa ń wí. “Bí ẹ bá fẹ́ wọlé, ẹ kọ́kọ́ wúkọ́.”

Wọ́n ń wúkọ́. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ wúkọ́ wúkọ́ títí ọkọ rẹ̀ fi ra oògùn ikọ́ fún un.

Lọ́jọ́ kan, akọ̀wé rẹ̀ dìde lọ mu omi, kò ti kọ̀ǹpútà tirẹ̀ pa. Kó tó padà dé, Agádágodo ti ń ka lẹ́tà tí dókítà kọ sí akọ̀wé náà sétígbọ̀ọ́ gbogbo ọ́fíìsì.

“Ẹ̀kọ́ ni mo fi kọ́ ọ,” ó ní. “Lọ́la, o ò ní gbàgbé.”

Akọ̀wé jókòó, ó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀ pa.

Kò pẹ́, ipò igbákejì olùdarí ṣí sílẹ̀. Olùdarí fúnra rẹ̀, ìyá àgbà kan, ní òun ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ wọn. Agádágodo so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri yàrá ìpàdé, gbogbo òṣìṣẹ́ sì jókòó. Bó ti gbọ́ ìró mọ́tò níta, ó sáré jáde kó lè jẹ́ òun ni yóò kọ́kọ́ kí ìyá. Ìka mànàmáná kò rántí bọ́tìnnì.

Nígbà tí wọ́n jọ wọlé, lẹ́tà kan tó ṣí sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti wà lára ògiri gbàgàdà: “Àwa òṣìṣẹ́ ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ fi ọ̀gá wa ṣe igbákejì yín. Ó gbọ́n, ó rẹwà, ohùn rẹ̀ dùn létí.” Orúkọ akọ̀wé ló ṣíwájú nísàlẹ̀.

“Ṣé ìwọ lo kọ ọ́?” ìyá bi akọ̀wé.

“Rárá, mà. Inú kọ̀ǹpútà ọ̀gá wa ló ti jáde. Òní ni mo kọ́kọ́ ń rí i.”

Agádágodo fò mọ́ kọ̀ǹpútà. Bọ́tìnnì mìíràn ló tẹ̀, lẹ́tà náà bá tún tóbi sí i.

“Àṣírí iléeṣẹ́ ni, mà,” ó ń kólòlò.

“Má tì í,” ni ìyá wí, ó fa àga jókòó. “A ò tíì kà á tán.”

Ó ní kí akọ̀wé kà á sókè. Akọ̀wé dìde, ó rọra ń kà á, kò fo ìlà kankan, títí ó fi dé ìlà ìkẹyìn: “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kó mọ̀ pé a kọ ìwé yìí. Kò fẹ́ràn kí wọ́n máa yin òun rárá.”

Ẹ̀rín gba yàrá náà kan. Ìyá dúró kí ó rọlẹ̀.

“Ó dáa,” ó ní. “A ò ní yìn ín. Ẹlòmíràn la máa fún nípò náà.”