Èmi Ni Mo Pa Ààlè Sóko Ìjọba

Ọjọ́ kan wà tí kò lè tán nínú ọkàn mi, bí mo tilẹ̀ ń gbìyànjú àtigbàgbé rẹ̀. Ọyẹ́ ti mú, ọkà bàbà ti gbó, ètè gbogbo wa ti là, mo sì dúró lẹ́nu oko ìjọba, mò ń gbọ̀n nítorí ìkarahun ìgbín tí èmi fúnra mi so mọ́ igi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Mo ti yè nínú bọ́lẹ̀kájà tó dojú dé lọ́nà Ṣakí. Láti ìgbà náà, kò sí ohun tí kì í bà mí lẹ́rù. N kì í jókòó síwájú ọkọ̀, n kì í sùn nínú ilé tí àjà rẹ̀ bá ń dún, n kì í sì í bá àgbàlagbà obìnrin jiyàn. Ìwé tí mo kà ò ju kí n lè kọ nǹkan sílẹ̀ kí n sì ṣírò rẹ̀ lọ. Ìyẹn náà ló gbé mi dé oko àyẹ̀wò ìjọba kan lẹ́yìn Òkákà, níbi tí mo ti ń ṣe akọ̀wé fún Bàbá Rábíù.

Onímọ̀ nípa irè oko ni Bàbá Rábíù. Àwọn kòkòrò dúdú kékeré tó máa ń jẹni létí odò ló ba ojú rẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí ọ̀sán àti òru fi di ọ̀kan náà fún un. Àwọn ọ̀gá wa ní Ìbàdàn ní kó lọ jókòó sílé. Ó ní òun ò lọ, pé ọkà bàbà kì í bá ojú nìkan sọ̀rọ̀. Wọ́n wá dá ọjọ́ fún wa: ọ̀gá àgbà kan yóò wá wo bí a ṣe máa kórè oko àyẹ̀wò náà, a ó sì wọn ọkà níṣojú rẹ̀. Bí Bàbá Rábíù bá lè darí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, á dúró sẹ́nu iṣẹ́. Bí kò bá lè darí ẹ̀, ó parí nìyẹn.

Abala mẹ́rin ni oko náà. A kò fi nǹkan kan sí èkíní, a fi ìgbẹ́ màlúù sí èkejì, a fi ajílẹ̀ òyìnbó sí ẹ̀kẹta, a sì fi méjèèjì sí ẹ̀kẹrin. Pátákó tí wọ́n kọ lẹ́tà sí wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n igi lásán ni lọ́wọ́ ẹni tí kò ríran. A ti ta okùn láti abala dé abala kí Bàbá Rábíù lè máa fọwọ́ tọ̀ ọ́. A ti fi ọ̀bẹ ha àmì sára ọ̀pá tí a fi ń wọn gíga ọkà. Òun á fi ìka ka àmì, èmi á kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi ni mo ń sọ àwọ̀ ewé fún un, òun ló ń sọ ohun tó mú àwọ̀ náà wá fún mi. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe máa mọ abala kan yàtọ̀ sí òmíràn.

"Wá nǹkan mẹ́rin so mọ́ igi ẹnu abala kọ̀ọ̀kan," ó sọ fún mi nírọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ náà. "Kí ọwọ́ mi lè dá wọn mọ̀, kí ojú tìrẹ náà lè rí wọn lókèèrè."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Ọ̀gá."

Ọ̀rọ̀ tó máa ń ṣáájú wàhálà mi nìyẹn.

Mo so ìkarahun ìgbín mọ́ èkíní, torí ó ń dán lọ́wọ́. Mo so ṣúkù àgbàdo mọ́ èkejì, àjókù ìgbálẹ̀ mọ́ ẹ̀kẹta. Fún ẹ̀kẹrin, mo ya ṣòkòtò pupa mi kan tó ti gbó, mo so akísà rẹ̀ mọ́ ọn. Mo mú Bàbá Rábíù fọwọ́ kàn wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, ó ní ó dára. Mo fà sẹ́yìn, mo wo iṣẹ́ mi, inú mi dùn. Ọmọ Òkè-Ògùn ni mí o, inú oko ni mo dàgbà sí. Mo wo nǹkan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, sáyẹ́ǹsì nìkan ni mo rí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Bàbá Rábíù ti wọ inú ọkà lọ, ó ń fọwọ́ tọ okùn. Àwọn obìnrin tó máa bá wa kórè dé pẹ̀lú agbọ̀n àti ọ̀bẹ. Ìyá Ṣẹ̀fíù, olórí wọn, ló ṣáájú. Ó dé ẹnu abala kìn-ín-ní, ó dúró. Ó wo ìkarahun, ó wo ṣúkù, ó na ọrùn wo akísà pupa lọ́ọ̀ọ́kán. Ó sọ agbọ̀n rẹ̀ kalẹ̀.

"Akọ̀wé, ta lẹ fura sí nínú wa?"

"Kí lẹ wí, Ìyá?"

"Mo ní ta ló jí ọkà yín tí ẹ fi pa ààlè?"

Ìgbà náà ni ojú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí olè dé ìdí nǹkan òun ló ń so irú ẹrù bẹ́ẹ̀ mọ́ ọn, ẹni tó bá sì kọjá rẹ̀, ohun tó bá rí kó fara mọ́ ọn. Ká ní ààlè ni mo jókòó tí mo fẹ́ pa tọkàntọkàn, kò lè pé tó bẹ́ẹ̀.

"Kì í ṣe ààlè. Sáyẹ́ǹsì ni."

"Sáyẹ́ǹsì tó wọ akísà pupa," obìnrin kan sọ lẹ́yìn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá ni mo so ó fún, kí wọ́n lè máa fọwọ́ mọ ibi tí wọ́n wà."

"Láti ìgbà tí a ti ń kórè fún yín, abẹ́rẹ́ ò sọnù rí," Ìyá Ṣẹ̀fíù ní. "Ọjọ́ tí àlejò ń bọ̀ lẹ wá fẹ́ fi wá hàn bí olè. Bí kì í bá ṣe ààlè, ẹ fọwọ́ ara yín tú u." Gbogbo wọn lọ jókòó sábẹ́ igi mángòrò.

Ó yẹ kí ìyẹn rọrùn. Ẹ̀yìn ilé ìdáná mi ni mo ti ṣa ìkarahun náà. Ṣòkòtò mi ni akísà. Síbẹ̀, nígbà tí mo nawọ́, ọwọ́ kọ̀.

"Ẹ wò ó," ohùn kan wá láti abẹ́ mángòrò, "ẹni tó so ó náà ń gbọ̀n."

Mo ṣe Bísímílà, mo dijú, mo já a. Mo sáré já àwọn yòókù kí ìgboyà mi tó tán. Bí mo ṣe kó wọn mọ́wọ́ ni ohùn Bàbá Rábíù dún nínú ọkà.

"Akọ̀wé, mo ti dé ìdí igi. Ìkarahun mi dà?"

Lẹ́sẹ̀ kan náà ni eruku ọkọ̀ ọ̀gá àgbà yọ lójú títì. Kí lẹ rò pé mo ṣe? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í so wọ́n padà. N kò wo èwo ni ti ibo, èyí tó bá bọ́ sí mi lọ́wọ́ ni mo ń so mọ́ igi tó bá wà níwájú mi.

"Ó tún ń pa á padà," Ìyá Ṣẹ̀fíù ní. "Wàláhì, mi ò wọ oko yìí mọ́."

Ọ̀gá àgbà sọ̀ kalẹ̀. Bàbá Rábíù tọ okùn jáde, ó kí i, ó mú un lọ sí ìdí igi tó sún mọ́ wọn jù. Ó fọwọ́ kan ohun tó wà lára rẹ̀.

"Ìkarahun. Abala tí a kò fi nǹkan kan sí nìyí."

Ọ̀gá àgbà wo ọkà tó ga jù ú lọ. Ó wò mí. Mo wo ilẹ̀.

"Ṣé ó dá yín lójú?"

Bàbá Rábíù na ọwọ́ di pòròpórò kan mú. Ó di òmíràn mú. Ó fi ìka ra ewé, ó gbé orí ọkà lé àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni tó ń wọn wúrà.

"Rárá," ó ní. "Ìkarahun ń parọ́. Ìgbẹ́ màlúù àti ajílẹ̀ ló wà nídìí èyí, abala kẹrin ni. Akọ̀wé, kí lo fi mí ṣe?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tó ń pọ̀ ọ́. Bàbá Rábíù di okùn mú kó má baà ṣubú nínú ẹ̀rín.

"Ọwọ́ mi náà ò fura ààlè nígbà tó kàn wọ́n lánàá," ó ní. "Ìkarahun lásán ló kà á sí." Ó kọjú sí ìhà mángòrò. "Ìyá Ṣẹ̀fíù, ẹ má bínú. Kí ni mo lè so síbẹ̀ tí kò ní dùn yín?"

"Ká ní ẹ ti bi wá lánàá ńkọ́?"

Wọ́n tú ẹrù oúnjẹ wọn. Ṣíbí kan, kànrìnkàn kan, ìdérí agolo, àti sílípáàsì ẹsẹ̀ kan. Ìyá Ṣẹ̀fíù fọwọ́ ara rẹ̀ so wọ́n, ó ní kí n dúró lókèèrè. Kí oòrùn tó wọ̀, a ti kórè, a sì ti wọn ọkà. Bàbá Rábíù ló darí gbogbo rẹ̀.

Ọ̀gá àgbà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀. "Bàbá Rábíù, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ẹni tó ń ríran yìí ló ń kọ mí lóminú."

Ẹ̀rín àwọn obìnrin náà tẹ̀ lé mi dé Òkákà.

Ohun tí mo kọ́ ò ṣòro. Bí o bá ń wá ohun tí afọ́jú àti ẹni tó ń ríran yóò jọ fi ṣiṣẹ́, bi afọ́jú, bi ẹni tó ń ríran, kí o sì bi àwọn tí ọ̀nà wọn gba ibẹ̀ kọjá. Mo mọ ìyẹn dáadáa báyìí. Ṣùgbọ́n títí dòní, bí ìyàwó mi bá sá aṣọ pupa sẹ́yìnkùlé, iwájú ilé ni mo máa ń gbà wọlé, mo sì ń rẹ́rìn-ín ara mi lọ.