Àwọn Tó Pa Káàdì Àgbà

Lánàá ọjọ́ Ẹtì, kí òórùn ẹja díndín tí ìlú fi ń ṣàsè lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ tó kúrò lára aṣọ ẹnikẹ́ni, ẹjọ́ kan wọ ààfin Olóyè Gretchen Vandehei. Ilé panápaná ìlú Elk Spur, ní Wisconsin, ni ààfin ọ̀hún. Olóyè àwọn panápaná ni Gretchen, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí adájọ́ ìlú ti sá fún òtútù lọ sí Florida, òun náà ni wọ́n ń gbé ẹjọ́ lọ bá. Àga ike ni ìtẹ́ rẹ̀. Àwọn panápaná yí i ká bí ìjòyè, ife kọfí lọ́wọ́ oníkálukú.

Marlys Haugen ló pẹjọ́. Inú ń bí i débi pé kò bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀. Duane Pflueger, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ló pè lẹ́jọ́, panápaná sì ni Duane náà.

"Marlys, kí ló ṣẹlẹ̀?" ni Olóyè bi í.

"Olóyè, Duane ti gba ilé mọ́ wa lọ́wọ́."

"Ilé wo?"

"Ilé búlúù tó wà létí adágún. Báńkì fẹ́ yá wa lówó ẹ̀. Wọ́n ní máàkì Duane ló kù díẹ̀, pé tó bá fi lè gòkè kí oṣù yìí tó parí, ká wá gba kọ́kọ́rọ́. Dípò kó gòkè, ńṣe ló já wálẹ̀ gbì."

Kò sẹ́ni tó béèrè irú máàkì tó ń wí. Máàkì tí àwọn ayánilówó fi ń mọ ẹni tó ṣeé fọkàn tán ni. Ní Elk Spur, èèyàn lè gbàgbé ọjọ́ ìbí ìyá rẹ̀, kò jẹ́ gbàgbé máàkì yẹn.

"Duane, kí lo ṣe?"

"Olóyè, nǹkan tó dáa ni mo ṣe. Gbèsè wà lórí káàdì àwìn mi àtijọ́, èlé ẹ̀ sì fẹ́ jẹ mí tán. Báńkì mìíràn ní kí n wá gba káàdì tuntun, kí n kó gbèsè náà wá sọ́dọ̀ àwọn, àwọn ò ní gba èlé fún ọdún kan. Mo kó o lọ."

"Ìyẹn ò burú."

"Ẹ bi í ní ohun tó ṣe tẹ̀lé e," ni Marlys wí.

Duane wo bàtà rẹ̀. "Mo sin káàdì àtijọ́."

"O ṣe kí ni ẹ̀?"

"Mo gé e sí wẹ́wẹ́ níbi àsè ẹja ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo kó o sínú agolo bíà. Lẹ́yìn náà ni mo pe báńkì pé kí wọ́n bá mi ti àkáǹtì ẹ̀ pa. Olóyè, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé tí iná bá ti kú, kéèyàn ṣì tún da omi sí eérú. Eérú ni mo da omi sí."

"Òótọ́ ni, ẹ̀kọ́ wa nìyẹn," ni Orville, àgbà inú àwọn ìjòyè, wí.

"Bàbá Orville, ẹ má gbè é," ni Marlys wí.

Wọ́n pe Curt, ọ̀rẹ́ Duane, kó wá jẹ́rìí.

"Duane nìkan ló dá a ṣe," ni Curt wí. "Kò sẹ́ni tó tì í. Gbogbo wa dákẹ́ lọ́jọ́ náà."

"Níbi àsè ẹja? Pẹ̀lú gbogbo bíà yẹn?"

"Ó dà bíi pé ẹnì kan wúkọ́."

Lorraine, ìyá Duane, dìde láìjẹ́ pé wọ́n pè é. "Wúkọ́ kẹ̀. Àtẹ́wọ́ ni wọ́n pa. Àlùmọ́gàjí tí mo fi ń gé adìẹ ni mo fún un."

"Màámi, ẹ̀yin náà kẹ̀," ni Duane wí.

"Ta ló pàtẹ́wọ́ jù?" ni Olóyè béèrè.

Marlys ti rò pé kò sẹ́ni tó máa rántí.

"Mi ò fẹ́ dá ilé tí wọn ò tíì rà rú," ni Lorraine wí. "Ṣùgbọ́n ìyàwó mi tó pẹjọ́ yìí ni. Orí àga ló gùn. Ó ní, 'Gé e, olólùfẹ́ mi, gé e.'"

Kọfí pa ìjòyè kan lórí.

"Ta ló ní kó lọ gba káàdì tuntun?"

"Èmi ni," ni Marlys wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ẹyọ kan ló sì béèrè?"

"Mẹ́ta ni, Olóyè," ni Duane sọ kíá. "Marlys ní bí a ṣe ń pẹja lórí adágún tó ti di yìnyín náà ni, ká sọ ìwọ̀ mẹ́ta sómi, èyí tí ẹja bá gbé ká fà á."

"Ẹni tó kan ilẹ̀kùn ayánilówó mẹ́ta láàárọ̀ kan, ṣé wọn ò ní rò pé ebi ń pa á ni? Wọ́n á gé máàkì ẹ̀. Ìyẹn kéré, yóò padà bọ̀ sípò. Èyí tó burú ni pé ẹ pa àgbà."

Olóyè dìde, ó fọwọ́ lé Bertha, ọkọ̀ panápaná àtijọ́ tó wà ní igun ilé.

"Duane, ta ló ní ká ta Bertha fún onírin àlòkù?"

"Èmi ni. Olóyè, kì í jáde àfi ọjọ́ ìwọ́de."

"Kì í jáde lóòótọ́. Tí àwọn adójútòfò bá wá wo ilé yìí, ọkọ̀ mélòó ni wọ́n ń kà?"

"Méjì."

"Nítorí méjì yẹn ni owó ìdójútòfò tí wọ́n ń gbà lórí ilé ìyá ẹ ò fi wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni káàdì yẹn. Àwọn onímáàkì kì í wo gbèsè nìkan, wọ́n ń wo bó ṣe kún àyè àwìn tó o ní tó. Ká ní o fi káàdì òfìfo yẹn sílẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀, ẹja kan nínú ìkòkò méjì ni wọn ì bá rí. O fọ́ ìkòkò kan, ìrù ẹja wá yọ síta. Àgbà kò sí,"

"Ìlú bàjẹ́," ni àwọn ìjòyè dáhùn.

"Pe báńkì."

Duane pè é níwájú gbogbo wọn. Obìnrin tó gbé fóònù ní kò tíì pé oṣù kan tí àwọn ti àkáǹtì náà pa, àwọn lè jí i dìde, àwọn onímáàkì á sì rí i kí oṣù tó parí. Ó wá béèrè bóyá káàdì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó wà nínú agolo bíà," ni Duane wí.

Obìnrin náà ní àwọn á fi òmíràn ránṣẹ́.

Marlys jókòó. Ó rò pé ẹjọ́ ti parí.

"Ẹ gbọ́ ìdájọ́," ni Olóyè wí. "Duane, wàá máa wẹ Bertha ní gbogbo àárọ̀ Sátidé títí gbèsè yẹn á fi tán. Kó o tó fọwọ́ kàn án, wàá ṣí fìlà, wàá ní, 'Ẹ káàárọ̀, Mà.' Ìwọ Marlys, wàá gun àga, wàá máa pàtẹ́wọ́ títí á fi wẹ̀ ẹ́ tán."

"Nínú òtútù yìí, Olóyè?"

"Wọ ìbọ̀wọ́. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ máa gbọ́ ọ."

Ní àárọ̀ yìí, Duane ṣí fìlà, ó kí Bertha, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ táyà. Marlys gun àga, ó ń rọra pàtẹ́wọ́, ó ń bínú. Ó wá gbójú sókè, ó rí òrùlé ilé búlúù ní òdìkejì adágún.

"Marlys, mi ò gbọ́ ọ o," ni Olóyè pè láti inú ilé.

Marlys bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀.